Ẹyọ Mẹ́mórì Tí Mo Yọ

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Ìyá Ìbejì kó àwọn ọmọ lọ sí ọjà Bódìjà. Èmi nìkan ni mo kù sílé pẹ̀lú àbúrò mi tí ó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá kí wa, àti kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí ìyàwó mi fi ń ṣiṣẹ́ ajé rẹ̀. Ohun tí a ṣe kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Nǹkan bí oṣù mẹ́rin ni mo fi jẹ gbèsè rẹ̀.

Iṣẹ́ Ìyá Ìbejì ni kí ó máa to ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ètò ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà àti káàdì ìpè fún àwọn olóde. Yàrá kékeré tí ó yẹ kí ó jẹ́ yàrá àlejò ni ó sọ di ọ́fíìsì. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ kì í ṣe tuntun. Tòkunbọ̀ ni, a rà á ní Ọtígbà ní Ìkẹjà, Core i5 ìran kẹfà, ó sì ní mẹ́mórì 16GB: ẹyọ méjì, 8GB ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Èmi fúnra mi ni mo ra ẹyọ kejì ní ọdún 2022, tí mo fi ọwọ́ ara mi kì í bọ inú rẹ̀, nígbà tí owó rẹ̀ ṣì ṣeé gbọ́ sétí. Mo rò pé ìdí nìyẹn tí ó fi rọrùn fún mi láti gbà pé mo lẹ́tọ̀ọ́ láti yọ ọ́.

Àbúrò mi ń kọ́ ẹ̀kọ́ yíya àwòrán ilé, ó sì ti wà ní ọdún tí yóò parí. 4GB péré ni kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ní. Ó ní bí òun bá ti ya ilé alájà mẹ́ta tán, tí òun sì fẹ́ yí i wò láti ẹ̀yìn, ẹ̀rọ náà á dákẹ́ bí ẹni tó gbọ́ òkú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, oṣù Kejì ni wọ́n máa wo iṣẹ́ wa," ó wí bẹ́ẹ̀, ó sì wolẹ̀. "Mi ò tíì ya ìdajì."

Bàbá wa kò sí mọ́. Èmi ni ọmọ náà ń wò lójú.

A ti kọ́kọ́ wá tuntun rà. Bí ẹ bá wá mẹ́mórì rà ní ìparí ọdún 2025, ẹ ó mọ ohun tí mò ń sọ. Owó rẹ̀ ń gbéra sọ káàkiri àgbáyé, nítorí pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí wọ́n ń kọ́ gbọ̀ngàn ẹ̀rọ fún ọgbọ́n àtọwọ́dá ń kó mẹ́mórì bí ẹni ń kó àgbàdo lóko. Samsung, SK Hynix àti Micron ni wọ́n ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú mẹ́mórì tí gbogbo ayé ń lò, àwọn oníbàárà ńlá wọ̀nyí ni wọ́n sì kọjú sí. Nígbà tí ó di oṣù Kejìlá, Micron kéde pé òun yóò jáwọ́ nínú títa mẹ́mórì Crucial fún irú àwa tí a ń ra ẹyọ kan, ẹyọ méjì. Ní ọjọ́ tí mo pe olùtajà mi, mo ní kí ó tún iye rẹ̀ pè, bóyá mo gbọ́ ọ ṣì ni. Ó tún un pè. N kò gbọ́ ọ ṣì.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe yíjú sí kọ̀ǹpútà Ìyá Ìbejì. Mo tàn án, mo ṣí Task Manager, mo sì wo iye mẹ́mórì tí ó ń lò. Chrome wà níbẹ̀, WhatsApp wà níbẹ̀, kò sí ohun mìíràn. 5GB ni ó ń lò nínú 16GB. Mo fi ọwọ́ tọ́ ọ fún àbúrò mi. Mo ní, "Ṣé o rí i? 11GB ló jókòó lásán. Bí a bá yọ 8GB, mẹ́ta ṣì ṣẹ́ kù."

Ìṣirò náà pé. Ohun tí kò pé níbẹ̀ ni pé orí ẹ̀rọ tí ó ń sinmi ni mo ti ṣe é. Ó dà bí ẹni tí ó lọ wo ọjà Bódìjà ní aago márùn-ún ìdájí, tí ó wá sọ pé ilẹ̀ ibẹ̀ ti pọ̀ jù, kí wọ́n gé ìdajì rẹ̀ tà.

Yíyọ rẹ̀ kò le. A yọ wáyà iná, a tún tẹ bọ́tìnnì ìtànná kí ìwọ̀nba iná tí ó kù nínú rẹ̀ lè tán. A ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́, mo tẹ ìdè méjèèjì tí ó di mẹ́mórì mú ní orí àti ìdí, ó sì ta sókè fúnra rẹ̀. DDR4 ni, irú kan náà pẹ̀lú èyí tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà àbúrò mi. Bí tirẹ̀ bá jẹ́ DDR3 ni, ihò àárín rẹ̀ kò ní bára mu, kò sì ní wọlé láéláé. (Bí ó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù ni ó ní, ọ̀rọ̀ ìbá ti tán níbẹ̀, nítorí mẹ́mórì láptọ́ọ̀pù kúrú ju ti orí tábìlì lọ. Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé ìbá ti dára bẹ́ẹ̀.) Mo wé e sínú nínlọ́ọ̀nù, àbúrò mi sì tì í sí àárín aṣọ rẹ̀ nínú báàgì.

A tún tan kọ̀ǹpútà náà. Ó tàn bí ó ti ń tàn. Mo ṣí Chrome, mo ṣí fọ́tò kan, mo ṣí òmíràn. Kò sí ìyàtọ̀ kankan. Nígbà tí Ìyá Ìbejì dé pẹ̀lú ata àti ẹ̀fọ́, mo ti ń wo bọ́ọ̀lù. Mo pinnu pé n óò sọ fún un ní alẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó rẹ̀ ẹ́. Ní ọjọ́ kejì, a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ọjọ́ kẹta, àbúrò mi ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì tún sí ìdí tí ó fi yẹ kí n dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nípa ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó ti lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi mọ̀. Mẹ́mórì ni tábìlì tí télọ̀ ń tẹ́ aṣọ lé láti gé. Háàdì dísìkì ni àpótí tí ó ń kó aṣọ pamọ́ sí. Bí aṣọ tí ó wà nílẹ̀ kò bá ju ẹ̀wù ọmọdé lọ, ẹ gé tábìlì náà sí méjì, télọ̀ kò ní fura. Yóò gé ẹ̀wù náà ní ìwọ̀n àkókò tí ó fi ń gé e tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé agbádá wá ni ìjà yóò bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí a bá dín mẹ́mórì kù sí ìdajì, kọ̀ǹpútà yóò fi ìdajì falẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kò ní falẹ̀ púpọ̀, kò ní falẹ̀ púpọ̀, títí iṣẹ́ yóò fi kọjá ohun tí mẹ́mórì lè gbà. Láti ibẹ̀, ó já sí kòtò nìyẹn.

Ohun kékeré kan wà tí Ìyá Ìbejì kíyè sí láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ó ní fídíò tí òun ń wò ń gbọ̀n díẹ̀, pé àwòrán kò yọ̀ bí ti tẹ́lẹ̀. Mo mọ ohun tí ó fà á. Ẹyọ mẹ́mórì méjì tí ó wà níbẹ̀ dà bí ọ̀nà méjì tí ọkọ̀ ń gbà wọ ìlú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè kó nǹkan bí 17GB kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí méjèèjì bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀, 34GB. Nígbà tí mo yọ ọ̀kan, n kò dín àyè kù nìkan, mo tún dí ọ̀nà kan. Kọ̀ǹpútà irú tiwa yìí kò sì ní káàdì àwòrán tí ó dá dúró. Nínú mẹ́mórì kan náà ni ó ti ń yá àyè fún ohun tí ó ń gbé sójú ẹ̀rọ. Ìdí nìyẹn tí fídíò fi kọ́kọ́ fọhùn. Mo mọ gbogbo èyí, mo sì dáhùn pé bóyá íntánẹ́ẹ̀tì ni.

Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Títí di ìgbà náà, mo kàn dákẹ́ ni.

Oṣù Kọkànlá wọlé, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, nítorí pé ìgbà ìgbéyàwó àti ìsìnkú ọlọ́dún-ún parí ni. Ìyá Ìbejì bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Ó ní òun á tẹ nǹkan, òun á dúró, òun á tún un tẹ̀, á wá ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní ẹ̀rọ náà ti darúgbó. Lẹ́yìn náà, ó ní àwọn ọmọ ni. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Táíwò àti Kẹ́hìndé, wọ́n sì máa ń ta géèmù lórí kọ̀ǹpútà náà ní ọ̀sán Sátidé. Ó pè wọ́n, ó ní géèmù tí wọ́n ń kó wọlé ló ti ba nǹkan jẹ́, pé kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kàn án mọ́ títí ọdún tuntun. Táíwò kò sọ̀rọ̀. Kẹ́hìndé sunkún, ó ń sọ pé, "Mọ́mì, àwa kọ́. Mọ́mì, a ò kó nǹkan kan sí i." Mo wà ní pálọ̀. Ògiri kan ló wà láàárín wa. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ó tún pe oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan. Ẹni náà wò ó, ó ní fáírọ́ọ̀sì ni, ó nu gbogbo rẹ̀ kúrò, ó sì gbé Windows tuntun sí i. Ó gbowó. N kò bínú sí i. Kò mọ iye mẹ́mórì tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, 8GB tí ó bá níbẹ̀ sì jẹ́ ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé ẹ̀rọ náà sàn fún bí ọjọ́ mẹ́rin. Windows tuntun kò tíì ní ọ̀pọ̀ áàpù tí ń jí fúnra wọn ní gbàrà tí ẹ bá ti tan kọ̀ǹpútà, nítorí náà ẹrù tí ó wà lórí rẹ̀ fúyẹ́. Bí Ìyá Ìbejì ti ń dá àwọn áàpù rẹ̀ padà lọ́kọ̀ọ̀kan ni àárẹ̀ ń padà. Ní ọjọ́ mẹ́rin náà, inú rẹ̀ dùn, inú tèmi náà sì dùn, mo tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbà pé lóòótọ́ ni fáírọ́ọ̀sì wà níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kejìlá ni àṣírí tú. Ìwé ìsìnkú ìyá àgbà kan ni iṣẹ́ náà, ojú ewé ọgọ́ta, fọ́tò ló kún inú rẹ̀. Aago mẹ́fà àárọ̀ Ẹtì ni fáìlì gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé, kí ìwé lè jáde kí ìṣọ́ òkú ó tó bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ojú ewé A4 kan, bí a bá fẹ́ kí ó jáde dáadáa nínú ìwé, jẹ́ píksẹ́lì 2,480 ní ìbú àti 3,508 ní gígùn. Ìyẹn lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ àti ààbọ̀. Báìtì mẹ́rin ni píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ń gbà nínú Photoshop, mẹ́ta fún àwọ̀, ọ̀kan fún bí a ṣe lè rí òdìkejì rẹ̀ tó. Ìpele kan ṣoṣo tí ó bo ojú ewé náà ti gba nǹkan bí 35MB. Ojú ewé méjì tí ó kọjú síra ni Ìyá Ìbejì máa ń tò pọ̀, ìyẹn 70MB. Ó sì lè ní ogún ìpele lórí ara wọn: fọ́tò màmá, òjìji fọ́tò náà, òdòdó, férémù aláwọ̀ wúrà, orúkọ, oríkì. Bí ìpele wọ̀nyí bá kún, ó ti di 1.4GB fún ojú ewé méjì péré. Mẹ́ta irú rẹ̀ ni ó ṣí sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, kí ó lè máa mú nǹkan láti inú ọ̀kan sínú èkejì. Ó ti lé ní 4GB nìyẹn, láì tíì ka àwọn ìgbésẹ̀ ẹ̀yìn tí Photoshop ń fi pamọ́ kí ènìyàn lè padà sẹ́yìn bí ó bá ṣàṣìṣe. Windows àti àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ ti gba bí 3GB. Chrome àti WhatsApp, níbi tí ẹbí olókùú ti ń fi fọ́tò ránṣẹ́ láìdáwọ́dúró, gba bí 2GB. Nínú 16GB, gbogbo wọn ìbá jókòó pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Nínú 8GB, agbádá ti dé.

Bí mẹ́mórì bá kún, kọ̀ǹpútà kì í sọ pé ó ti kún. Ó máa ń mú ohun tí a kò fọwọ́ kàn láìpẹ́, á gbé e lọ sórí háàdì dísìkì, á fi àyè rẹ̀ fún ohun tí a ń béèrè. Bí a bá tún béèrè ti àkọ́kọ́, á tún gbé e padà. Ọgbọ́n náà ti pẹ́. Kọ̀ǹpútà Atlas tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní Yunifásítì Manchester ní ọdún 1962 ti ń ṣe é: mẹ́mórì rẹ̀ kéré, ó sì ń kó ohun tí kò gbà sórí ìlù irin kan tí ń yí, láìjẹ́ pé ẹni tí ń lò ó mọ̀. Ọgbọ́n gidi ni, bí ẹrù tí ó ṣẹ́ kù bá mọ níwọ̀n. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1968, Peter Denning, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ohun tí ń ṣẹlẹ̀ bí ẹrù bá kọjá bẹ́ẹ̀: ẹ̀rọ yóò máa gbé e wọlé, yóò máa gbé e jáde, gbogbo àkókò rẹ̀ yóò sì tán sórí ìrù àti ìsọ̀, kò ní ráyè ṣe iṣẹ́ tí ó tìtorí rẹ̀ ń ru ẹrù. Thrashing ni àwọn onímọ̀ ń pè é.

Ìyàtọ̀ ìyára ni ó sọ ọ́ di kòtò. Láti mú nǹkan nínú mẹ́mórì ń gba nǹkan bí ọgọ́rùn-ún nanosẹ́kọ́ńdì. Láti mú un lórí háàdì dísìkì tí ń yí, bíi tiwa, lè gba ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá. Ìyẹn fi nǹkan bí ìlọ́po ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún pẹ́ ju ara wọn lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ìṣẹ́jú-àáyá kan ni ẹ fi ń na ọwọ́ mú síbí lórí tábìlì, ọ̀nà ibòmíràn tí wọ́n ní kí ẹ lọ mú un wá yóò gbà yín ju ọjọ́ kan lọ. Ọbẹ̀ yóò ti tutù.

Ní nǹkan bí aago méjì òru, mo gbọ́ tí háàdì dísìkì náà ń họ bí èkúté nínú àjà. Mo dìde. Ìyá Ìbejì jókòó níwájú ẹ̀rọ, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí máòsì, kò sì tẹ nǹkan kan. Òrùka búlúù kékeré ń yí lójú kọ̀ǹpútà. Ó ní ogún ìṣẹ́jú ti kọjá tí ó ti ń yí. Lẹ́yìn náà ni Photoshop gbé ọ̀rọ̀ jáde pé àyè tí òun ń lò lórí dísìkì ti kún, ó sì kú mọ́ iṣẹ́ wákàtí méjì tí kò tíì fi pamọ́.

Mo ṣí Task Manager. Mẹ́mórì: 97%. Dísìkì: 100%. Ó ń wo ojú mi, kì í ṣe ojú ẹ̀rọ.

"Ìyá Ìbejì," mo ní, "èmi ni."

"Ẹ̀yin ni kí ni?"

Mo sọ fún un. Kò pariwo. Ó bi mí pé, "Láti ìgbà wo?" Mo ní, oṣù Kẹwàá. Ó dákẹ́, ó ń ka oṣù lórí ìka.

"Kí n tó lé àwọn ọmọ kúrò nídìí ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ sì wà ní pálọ̀ nígbà tí Kẹ́hìndé ń sunkún."

N kò ní èsì. Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ tábìlì, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká parí iṣẹ́ olókùú ná."

A pa kọ̀ǹpútà, a tún un tàn. A kò ṣí Chrome, a kò ṣí WhatsApp. Fóònù ni ó fi ń gba fọ́tò. Mo pa àwọn áàpù tí ń jí fúnra wọn. A dín ìgbésẹ̀ ẹ̀yìn tí Photoshop ń rántí láti àádọ́ta sí márùn-ún. Ojú ewé tí ó bá ti parí, a pa gbogbo ìpele rẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan, a pa á dé, kí a tó ṣí òmíràn. Ọ̀kan ṣoṣo ló ń wà lójú ẹ̀rọ. Ó ṣiṣẹ́. Kò yá, ṣùgbọ́n kò dúró. Aago mẹ́jọ ku ogún ìṣẹ́jú ni fáìlì lọ. Àwọn atẹ̀wé ti gbé iṣẹ́ ẹlòmíràn sórí ẹ̀rọ wọn. Ìwé náà dé lẹ́yìn tí ìṣọ́ òkú ti tú ká, ẹbí náà yọ nínú owó iṣẹ́, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọn kò tún gbé iṣẹ́ wá.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, mo pe àwọn ìbejì, mo sọ fún wọn pé èmi ni mo yọ nǹkan kúrò nínú kọ̀ǹpútà Mọ́mì, kì í ṣe géèmù wọn, pé kí wọ́n má bínú. Kẹ́hìndé wo ìyá rẹ̀. Táíwò bi mí pé, "Dádì, ṣé ẹ̀yin náà ò ní fọwọ́ kàn án títí ọdún tuntun?" Ìyá wọn ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni.

Mo fẹ́ pe àbúrò mi kí ó dá mẹ́mórì padà. Ìyá Ìbejì ni kò gbà. Ó ní ọmọ náà ti fi í ṣiṣẹ́ débì kan, pé bí a bá gbà á báyìí, iṣẹ́ rẹ̀ á dojú rú. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ tí ó dùn mí ju gbogbo èyí tí ó lè fi bú mi lọ: "Ẹ ò bá sọ fún mi. Èmi gan-an ni mo máa yọ ọ́ fún un."

Dípò mẹ́mórì, SSD 240GB kan ni a rà, nítorí pé ó dín owó sí i. A gbé Windows lọ sórí rẹ̀. N kò ní tàn yín: SSD kì í ṣe mẹ́mórì, ó ṣì fi ìlọ́po púpọ̀ lọ́ra jù ú lọ. Ṣùgbọ́n kò ní ohun tí ń yí nínú rẹ̀, ó sì yára gan-an ju háàdì dísìkì àtijọ́ nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń gbé ẹrù kéékèèké lọ, gbé e bọ̀. Ibi tí ẹ̀rọ wa ti ń kú fún ogún ìṣẹ́jú, ó wá ń kọsẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, mẹ́rin. A fi í la oṣù Kejìlá já.

Àwọn kan yóò sọ pé 8GB tó ènìyàn. Ó tó ẹni tí ó ń kọ lẹ́tà, tí ó ń wo fíìmù, tí ó ń ṣí ojú ewé mẹ́wàá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Microsoft gan-an kọ ọ́ pé 4GB ni ó kéré jù fún Windows 11. Ní tèmi, iye tí ó fi lè tàn nìyẹn, kì í ṣe iye tí ó fi lè ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye tí yóò tó yín, ẹ ṣí gbogbo ohun tí ẹ ń lò ní ọjọ́ tí iṣẹ́ pọ̀ jù lọ́dún, kí ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, kí ẹ sì wo mẹ́mórì nígbà náà. Ẹni tí ó bá sì ń fi ẹ̀rọ náà jẹun ni kí ẹ jẹ́ kí ó wò ó.

Nínú oṣù Kejì, àbúrò mi gbèjà iṣẹ́ rẹ̀, ó sì yege. Ó gbé mẹ́mórì náà wá nínú àpòòwé funfun pẹ̀lú búrẹ́dì méjì, ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Ìbejì kí ó tó kí mi. Ìyàwó mi gba sukudiráfà lọ́wọ́ mi. Mo kàn dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, mo ń sọ pé kí ó fi írésà nu eyín wúrà rẹ̀ ná, pé kí ó kọ ihò àárín rẹ̀ sí ibi tí ó yẹ, kí ó tẹ̀ ẹ́ títí ìdè yóò fi dún. Ó dún. A tàn án: 16GB. Ó ṣí ìwé ìyá àgbà náà, ojú ewé mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú gbogbo ìpele wọn, ó ń fà á lọ, ó ń fà á bọ̀. Àwọn ìbejì dúró lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń dúró de ààyè tiwọn.

Ní ọjọ́ kejì, ó ti ọjà dé pẹ̀lú àgádágodo kékeré kan. Òrùka irin kan wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà náà tí àwọn tó ṣe é fi síbẹ̀ nítorí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tí a ti rà á, n kò kíyè sí i rí. Inú pọ́ọ̀sì Ìyá Ìbejì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà.